Ọmọ Tí Mo Yá Wọn

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí. N kò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí ó dúró lókè, nítorí láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń rọ́ wá. Pásítọ̀ wá. Ìyá Prince, aládùúgbò òdìkejì, wá. Màdáámù kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún bí ẹni pé òkú sùn nílé mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn mú wá: kí n mú Jídé lọ sí àgọ́ àdúrà, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀nì so alárùn ọpọlọ mọ́gi títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára rẹ̀. Mo ní kí Pásítọ̀ kọ́kọ́ so ìyàwó tirẹ̀ mọ́gi ná, ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní ẹ̀mí agídí ń bẹ lára mi. Mo na ọwọ́ mú ọmọ odó. Ó rántí pé òun ní ìpàdé.

Ọmọ mi ni Jídé. Ọlájídé Adérógbà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ó ń mọ búlọ́ọ̀kù níbí ní Brewerville, ní Liberia, ìdajì àwọn ilé tuntun tó wà lójú ọ̀nà wa, búlọ́ọ̀kù ọwọ́ rẹ̀ ni. Láti ìgbà ogun ni àìsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ajagun tó dé wíìgì obìnrin pa bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀, lẹ́nu géètì wa, wọ́n sì ní kí ó pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó tó bẹ́ẹ̀, n kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oògùn ló ń mú un dúró. Oògùn ti tán. Fáìzàh, nọ́ọ̀sì rẹ̀, ní pẹpẹ òfìfo ni òun ń nù ní kílíńíìkì. Jídé kò sùn mọ́. Lónìí ó fi orí fọ́ dígí ilé ìwẹ̀. Ó ní ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́.

Wẹ́sìdè, ọjọ́ kẹwàá

Ó fọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò burú, kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tọ́sìdè, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ̀jẹ̀ lónìí.

Prince gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wá síbi ògiri wa, ó tan orin tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí. Jídé jáde. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo. Eyín iwájú Prince bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ọmọ náà sáré wọlé, àdá ló gbé jáde. Ó ń pariwo pé kí Ol' Ma, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, kúrò lọ́nà, òun máa gé wèrè yẹn wẹ́wẹ́ bí ewé ẹ̀gẹ́ inú ọbẹ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gé mi. Ó ní òun kì í gé arúgbó. Mo ní ó dáa, èmi máa ń gún ọmọdé. Mo fi ọmọ odó gbá a lọ́rùn ọwọ́. Àdá já bọ́. Ìyá rẹ̀ ń ké lókè fèrèsé pé mo ti pa ọmọ òun. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ku tirẹ̀.

Jídé wà níbi ògiri, ó ń fi orí lù ú. Kò ṣeé sún mọ́. Mo gbìyànjú, ó jù mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpò ráìsì.

Fáìzàh dé. Kò sáré. Kò dúró sáàárín Jídé àti géètì. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí eékún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Jídé léèrè nípa búlọ́ọ̀kù. Ṣé iyanrìn òkun dára fún un? Ṣé òjò kì í bà á jẹ́? Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ná ọjà. Nígbà tó yá, Jídé dá a lóhùn pé iyanrìn òkun kò dára, iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ ògiri. Ó jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó gba hóró oògùn tí Fáìzàh tọrọ lọ́wọ́ aláìsàn mìíràn, ó gbé e mì.

Wọ́n kọ́ Fáìzàh ní ìyẹn ni. Ara ọmọ mi sì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn, n kò fi pamọ́.

Nígbà tí ogun parí, gbogbo ìlú kún fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ohun tí ojú kì í rí. Dókítà ọpọlọ, ẹyọ kan là ń gbọ́ pé ó wà. Nígbà tó di ọdún 2011, yunifásítì kan àti àwọn òyìnbó dá ètò sílẹ̀: wọ́n á kó nọ́ọ̀sì jọ, wọ́n á kọ́ wọn ní àìsàn ọpọlọ, wọ́n á fọ́n wọn ká dé inú igbó. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ti inú ìwé mọ wèrè. Wọ́n fẹ́ ẹni tí wọ́n á máa wò. Ni Ọlọ́wọ́ Tútù bá wá sílé mi. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àfi bí ẹja inú yìnyín. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Dókítà Ọládipọ̀ Adégbénró. Yorùbá bíi tiwa, ọmọ ìjọ wa, ìjọ àwọn Yorùbá, nígbà náà, òun nìkan ni Yorùbá láàárín gbogbo olùkọ́ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ mi. "Màmá, ẹ yá wa ní Jídé. A máa dá a padà fún yín, ara rẹ̀ á ti yá."

Mo yá wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n dá a padà. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún báyìí. Níbikíbi tí mo bá ti rí ọ̀kan, mo máa ń dá a dúró, mo máa ń sọ fún un pé: ọmọ mi ni ìwé tí o kà. Ìtùnúolúwa, ọmọ Jídé, ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì náà láti oṣù Keje. Orúkọ ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ló ń jẹ́ níbẹ̀. Kò sọ fún wọn pé ọmọ ta ni òun. Mo ti bá a jà lórí ìyẹn.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlá

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà fún mi láìdárúkọ mi. "Arábìnrin kan tí ọkàn rẹ̀ yigbì." Mo dìde, mo ní èmi nìyẹn. Mo jókòó.

Túsìdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìtùnú wọlé lọ́sàn-án gangan. Ètè rẹ̀ bẹ́, bọ́tìnì aṣọ funfun rẹ̀ ti já dànù. Ó ní wọ́n ní kí òun lọ jókòó sílé ná, nítorí òun sọ àga lu ọmọ kíláàsì òun. Mo bi í ṣé ó bà á. Ó ní ó bà á. Mo ní kó wá jẹun.

Kò jẹun. Ó ní kí n jókòó.

Wọ́n fi fíìmù àtijọ́ kan hàn wọ́n. Ó ní fíìmù yìí ni gbogbo kíláàsì ti ń wò láti ọjọ́ tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga, wọ́n ti pa ojú rẹ̀ rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Olùkọ́ wọn, ọmọ Liberia kan tí kò tíì sí níbẹ̀ nígbà náà, ní kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa: ọ̀rọ̀ tó ti fọ́ nìyẹn, ìró lásán, kò lórí kò nídìí. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó máa ń jáde nínú ìdánwò. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní rárá o, Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé e, ṣé ẹ kò rí i pé ahọ́n àjèjì ló fi ń sọ̀rọ̀ ni? Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ìtùnú kò rẹ́rìn-ín. Yorùbá ni ọkùnrin náà ń sọ. Yorùbá inú ilé wa. Ohùn bàbá rẹ̀ ni.

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi bó ṣe gbọ́ ọ: "Bọ̀dá Dípọ̀, ẹ gbọ́ mi. Wáyà ni wọ́n fi ń nà mí, lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ sọ fún màmá mi kí wọ́n wá mú mi." Ó ní ẹnìkan jókòó tì í nínú fíìmù náà. Orí onítọ̀hún kò hàn. Táì rẹ̀ ló hàn, àti ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ń kọ̀wé. Kò dáwọ́ dúró.

Mo gbá ọmọ náà létí. Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo ní Dípọ̀ gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ, tó bá jẹ́ Yorùbá ni Jídé ń sọ, Dípọ̀ ìbá ti gbọ́.

Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó wò mí. "Ohun tí mo ń sọ fún yín gan-an nìyẹn, Màmá Àgbà."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó dé ibi "kí wọ́n wá mú mi", ó dúró, ó ní wọ́n gé fíìmù níbẹ̀. Ohùn kan sì parí rẹ̀ lẹ́yìn wa, lẹ́nu ọ̀nà. Jídé ni. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní:

"Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Ẹ dá mi lóhùn."

Wẹ́sìdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ní kí Jídé bọ́ ẹ̀wù. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ogun ni mo ń di àpá ẹ̀yìn rẹ̀ rù.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìlélógún

N kò kọ nǹkan ní Sátidé nítorí wọ́n ṣẹ́ mi lápá. Òsì ni. Ọ̀tún ṣì wà fún ìwé àti fún ọmọ odó.

Jídé ló fo ògiri. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà Waterside láàárín ìlú, n kò mọ bó ṣe rìn ín. Obìnrin kan tó mọ̀ wá pe Ìtùnú pé ká tètè máa bọ̀, wọ́n ti fẹ́ pa á. Nínú takisí, Ìtùnú ń gbàdúrà. Èmi ń bú awakọ̀ kó lè sáré.

Wọ́n ní ó jí fóònù. Kò jí nǹkan kan. Ó ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni, ó ń sọ sínú rẹ̀ pé kí wọ́n dá òun lóhùn, á sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n nínú èrò Waterside, ta ló dúró wo ìyẹn. Nígbà tí a fi dé, ó ti wà nílẹ̀, àwọn alábàárù yí i ká pẹ̀lú pákó, wọ́n ń nà án bí ẹni ń pa ejò. Ẹnìkan ti ń yí táyà bọ̀ láti ibi gọ́tà. Mo rí táyà náà. N kò mọ ìgbà tí mo wọ àárín wọn. Mo ṣubú lé ọmọ mi lórí. Pákó tó ti wà lókè kò lè padà mọ́. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kán, bí igi ìdáná. Mo bu ẹsẹ̀ kan jẹ, n kò mọ ẹsẹ̀ ta ni. Ìtùnú dúró sídìí àtẹ obìnrin kan, ó ń ju ìkòkò lù wọ́n, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, obìnrin náà ń ké ju àwa tí wọ́n ń pa lọ nítorí ìkòkò rẹ̀.

Mo gbọ́ fèrè. Kẹ̀kẹ́ kan já wọ àárín èrò, ó ń gbá èèyàn bọ̀. Prince. Ọwọ́ kan wà ní bándéèjì, èkejì gbé àdá. Àlàfo eyín rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí fèrèsé. Ó gun orí àga kẹ̀kẹ́, ó ń ké mọ́ wọn pé: "Ta ni ó yọ eyín lẹ́nu rẹ̀ nínú yín? Èmi ni ó yọ eyín lẹ́nu mi! Tí ẹnikẹ́ni bá máa pa wèrè yìí, èmi ni! Ẹ lọ tò sẹ́yìn mi!"

Ẹ̀rín pa àwọn kan. Ẹ̀rín náà ló gbà wá là. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tí a fi wọ́ Jídé sínú kẹ̀kẹ́. Mo sọ fún Prince lójú ọ̀nà pé ọmọ gidi ni. Ó ní: "Ol' Ma, don't talk to me-o. You broke my hand."

Mo ti dárí jì í. Òun ló kù tí yóò dárí jì mí, ìyẹn kò kàn mí.

Tọ́sìdè, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Gurley Street. Ọ́fíìsì Ọlọ́wọ́ Tútù wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ìtùnú dì mí mú gun àtẹ̀gùn. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní a kò ní àpọ́íńtìmẹ́ńtì. Mo ní mo ti ní in láti ọdún 2011.

Ó ti sanra. Dígí ńlá kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ẹ̀bùn. Ó dìde, ó ń bá mi sọ òyìnbó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà lè gbọ́ bó ṣe jẹ́ èèyàn dáadáa. Mo ní, "Dípọ̀, sọ Yorùbá. O kúkú gbọ́." Ó ti ilẹ̀kùn.

Mo bi í: ohun tí Jídé sọ lọ́jọ́ fíìmù, ṣé ó gbọ́ ọ?

Ó yọ jígí ojú rẹ̀. Ó nù ún. Ó tún nù ún. "Mo gbọ́, Màmá."

Gbogbo ẹ̀ ló sọ. N kò fi dandan lé e. Ó dà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wú nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ló ń fi wáyà nà wọ́n kí wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí kíláàsì bá dé. Òun lé ọkùnrin náà lọ nígbà tí kíláàsì parí. Mo ní nígbà tí kíláàsì parí! Ó ní lọ́jọ́ fíìmù, àwọn òyìnbó tó ń náwó sí i jókòó nínú yàrá náà, kámẹ́rà sì tiwọn ni. Wọ́n bi òun pé kí ni ọkùnrin yìí ń wí. Òun ní kò sí nǹkan, ìró lásán ni. "Tí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Kíláàsì àkọ́kọ́ kò tíì pé oṣù kan. Fáìzàh kò ní sí, Màmá. Oògùn Jídé kò ní sí. Gbogbo àwọn tí a wò sàn láti ìgbà náà. Mo gbé e sórí ìwọ̀n."

Mo ní ta ló fún un ní ìwọ̀n.

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú túbọ̀ bí mi. Mo rí Fáìzàh nínú ẹrẹ̀. Mo rí wáyà. N kò rí bí mo ṣe lè mú ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé páálí oògùn jáde. Oògùn Jídé gan-an, ó tó lò dé ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí ọ̀rọ̀ náà tán síbí. Kí n wá jókòó síwájú lọ́jọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń ṣèrántí àìsàn ọpọlọ. Wọ́n máa ṣayẹyẹ ètò náà, wọ́n máa fi mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ, kọ́ òun lọ́rùn, wọ́n á pe èmi ní Ìyá Ètò.

Mo gba páálí, mo gbé e fún Ìtùnú, mo ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo dúró títí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Mo wá gbé dígí ẹ̀bùn náà, mo là á mọ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àfọ́kù rẹ̀ ta sí i lójú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bọ́ sára táì. Gáàdì wọlé, ó fa apá tó ṣẹ́. Mo bù ú jẹ.

Mo gba oògùn. N kò ta ẹnu mi.

Fúráìdè, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Jídé gbé e mì. Mo dúró tì í, mo wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Wẹ́sìdè, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá

Ó ti ń sùn. Ó ń hanrun bíi bàbá rẹ̀.

Fáìzàh wá wo apá mi. Ìtùnú ti sọ fún un. Ó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́, ó jókòó nínú yàrá náà lọ́jọ́ fíìmù. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní wọ́n bi wọ́n nínú ìdánwò, òun kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn náà kò ní ìtumọ̀, wọ́n sì fún òun ní máàkì tó pé. Ó ní, "Ol' Ma, orí rẹ̀ ni mo gùn kọjá." Ó ń sunkún. Mo jẹ́ kó sunkún tó. Lẹ́yìn náà mo ní kó dákẹ́, kó wá jẹ ráìsì.

Ọgọ́rùn-ún èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló yege lórí pé ọmọ mi kò sọ nǹkan kan. Èmi sì ń dá wọn dúró lójú títì, mo ń yangàn.

Sọ́ńdè, ọjọ́ karùn-ún

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jídé jókòó tì mí lẹ́yìn ilé, ó ń fá irùngbọ̀n. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi ní gbogbo ọdún yìí. Ó fá irùngbọ̀n tán kó tó fèsì.

Ó ní, "Màmá, wáyà kọ́ ló dùn mí. Wọ́n ti nà mí ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ogun. Bọ̀dá Dípọ̀ wò mí lójú, wọ́n sì kọ̀wé. Mo tún un sọ. Wọ́n tún kọ̀wé. Mo wá rò ó pé bóyá lóòótọ́ ni n kò sọ̀rọ̀. Bóyá inú orí mi nìkan ló wà. Mo ní kí n má tún gbìyànjú mọ́, kó má baà lọ jẹ́ pé ẹ̀yin náà kò ní gbọ́."

Mo ní mo gbọ́ ọ.

Ó ní, "Bọ̀dá Dípọ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n dá mi lóhùn."

Túsìdè, ọjọ́ keje

Awakọ̀ Ọlọ́wọ́ Tútù mú káàdì ìpè wá. Ọ̀gá rẹ̀ rò pé oògùn ti dí mi lẹ́nu. Ìyá Prince ní kí n má lọ o, àwọn èèyàn ńlá ni wọ́n. Ẹni ọdún mélòó ni mo ní mo jẹ́? Ó wà lókè.

Fúráìdè, ọjọ́ kẹwàá

Prince ló gbé wa lọ. Èmi, Jídé, Ìtùnú. Kò gba owó, ó ní òun fẹ́ wo ìjà.

Gbọ̀ngàn kún. Nọ́ọ̀sì láti ibi gbogbo, àwọn aláṣẹ, òyìnbó, Pásítọ̀ àti àwọn ará ìjọ wa, nítorí ọmọ wa ni wọ́n fẹ́ bu ọlá fún. Wọ́n mú mi jókòó síwájú. Wọ́n pè mí ní Ìyá Ètò, wọ́n ní kí n dìde, n kò dìde. Wọ́n sọ ìtàn: bí kò ṣe sí nǹkan kan, bó ṣe wá di púpọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi mẹ́dà kọ́ Ọlọ́wọ́ Tútù lọ́rùn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ẹ wò ó, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, wọ́n sì tan fíìmù náà sára ògiri. Wọ́n fi dùùrù sí i. Àgọ́ ara ọmọ mi láìlójú, ga bí ilé, ẹnu rẹ̀ ń lọ, orin ń dún lórí ohùn rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Jídé dìde. Kóòtù bàbá rẹ̀ ló wọ̀. Mo rò pé ìpàtẹ́wọ́ yẹn máa yí i lórí, mo na ọwọ́, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó rìn lọ síwájú. Kò sáré. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé kò mú nǹkan dání. Ohùn rẹ̀ kò ga:

"Bọ̀dá Dípọ̀, ẹ gbọ́ mi. Wáyà ni wọ́n fi ń nà mí, lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ sọ fún màmá mi kí wọ́n wá mú mi. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Ẹ dá mi lóhùn."

Ẹni tó ń darí ètò rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ẹ wò ó, aláìsàn wa àtijọ́ ń yọ̀. Ìtùnú gun orí àga, ó ń ké e ní òyìnbó, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, títí ọ̀fun rẹ̀ fi já. Dùùrù dákẹ́. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Pásítọ̀. Òun kò nílò òyìnbó Ìtùnú. Ó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Gbogbo ìjọ wa ti gbọ́. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

Mo ké: "Dípọ̀!"

Ó jókòó sídìí tábìlì lókè, ojú rẹ̀ ní pílásítà níbi tí dígí ti gé e. Bébà wà níwájú rẹ̀. Ó tẹrí ba lé e. Ó mú bírò, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ. Mo fi ojú mi rí i. Ó ń kọ̀wé.

Gáàdì mẹ́ta já lé Jídé. Wọ́n fún un lọ́rùn, wọ́n gbá a mọ́ etí pèpéle, ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ dà sára kóòtù bàbá rẹ̀. Prince fò lé wọn. Àga ń fò. Fáìzàh já báàjì àyà rẹ̀, ó jù ú sí pèpéle, ó wá lọ jókòó sórí ẹsẹ̀ gáàdì kan kó má lè gbé e nílẹ̀ ta Jídé nípàá mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn dìde, àwọn kan ń fa gáàdì, àwọn kan ń fa Fáìzàh. Mo fi apá òsì mi, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù, lu gbogbo ohun tó bá súnmọ́ mi. Ó ti tún kán, mo gbọ́ ọ.

Jídé kò na ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọ́ ọ jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ gbayawu.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlá

Jídé lo oògùn rẹ̀, ó jẹun, ó lọ mọ búlọ́ọ̀kù. Imú rẹ̀ wú.

Pásítọ̀ wá. Kò gbà mí nímọ̀ràn. Ó dúró lẹ́nu géètì nínú òjò, ó ní Dókítà rán òun, ó fẹ́ mọ iye tí a fẹ́, ó fẹ́ mọ ohun tí a fẹ́. Mo ní kó má fi àdúrà kún un, kó má fi ẹ̀bẹ̀ kún un, kó lọ sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ síbí:

Ọládipọ̀ Adégbénró, mo yá ọ ní ọmọ mi. O jẹ ẹ́ ní ìdáhùn láti ọdún 2011. Ju bírò sílẹ̀. Wá sí Brewerville, jókòó níwájú rẹ̀, dá a lóhùn ní Yorùbá. San gbèsè ọmọ mi.